Ebu Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti Ẹ̀san Mi

Ọ̀gá mi kò fẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀ Ìbẹ̀ṣẹ̀ rí ní gbogbo ọdún mẹ́rin tí mo fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, títí di Sátidé kan tí èmi fúnra mi mú un débẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ní bí òun ṣe ń sọ ìtàn náà fún àwọn èèyàn. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mí. Ìwé ló gbé mi wá sí Èkó. Yàrá kan ṣoṣo ni mo gbà ní Agric, ní Ìkòròdú, lókè ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta ike àti abọ́. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ ni mo ti ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, ọ̀gá mi yìí sì ni ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ní kó máa tọ́ mi sọ́nà. Iṣẹ́ wa kò ṣòroó ṣàlàyé. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó máa ń wọ inú egbò, tí oògùn tí à ń rà ní kẹ́míìsì kì í ràn. Àwọn ebu kan sì wà, irú ebu tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ nílẹ̀, tó ń pèsè nǹkan kan lára tó lè pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn tí ayé ń lò lónìí, ara ebu ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ebu tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò la ń wá, a sì gbà pé etí ọ̀sà ló yẹ ká ti wá a, níbi tí omi oníyọ̀ àti omi aláìníyọ̀ ti ń pàdé, tí ewé sì ń jẹrà nínú ẹrẹ̀ láti ọdún dé ọdún.

Mo ní ìdí tèmi. Egbò ẹsẹ̀ ló pa bàbá mi nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn dókítà yí oògùn padà fún wọn títí tí kò sí òmíràn tí wọ́n lè yí sí mọ́. Èmi ni mò ń tú bándéèjì wọn láàárọ̀ kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́, n kò sì lè gbàgbé òórùn rẹ̀. Nítorí náà, àwọn kòkòrò yẹn kì í ṣe ohun tí mo kàn ń kà nínú ìwé. Ìjà wà láàárín wa.

Láàárín ọ̀sẹ̀, inú láàbù ni mo máa ń wà. Tó bá di Sátidé, màá wọ kẹ̀kẹ́ láti Agric lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀, bàtà òjò lẹ́sẹ̀, kúlà yìnyín lọ́wọ́. Ìyá kan ló ń fi ọkọ̀ kékeré wọn gbé mi wọ inú omi. Ìlàjẹ ni wọ́n, opó tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ń pa alákàn àti edé, tó sì mọ gbogbo ojú omi náà bí ẹní mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ìyá ni mò ń pè wọ́n. Àwọn ń pè mí ní Dókítà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo sọ fún wọn pé n kò tíì di dókítà.

Ìyá ní, “O máa dà á. Ẹni tó ń fọwọ́ bu ẹrẹ̀ tó ń rùn báyìí sínú ọ̀rá, tí kò bá di dókítà, kí ló fẹ́ dà?”

Ní ọjọ́ kan ní àsìkò òjò, a dé abẹ́ àwọn igi kan tí gbòǹgbò wọn yọ jáde látinú omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Mo rí ewé kan tó há sí ìdí gbòǹgbò, dúdú, ó ti jẹrà dé ìdajì, nǹkan kan sì hù sí i lára bí òwú tí wọ́n pa láró. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láì bi Ìyá. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé ìkejì, mo na ọwọ́ mú ewé náà, ẹrẹ̀ sì gbà mí. Mo rì dé ìbàdí, mo tún rì dé àyà. Bí mo ṣe ń jà, bẹ́ẹ̀ ló ń fà mí.

Ìyá kò pariwo. Wọ́n ní, “Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Má tapá, má tasẹ̀.” Wọ́n na ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀ sí mi, wọ́n so okùn ọkọ̀ mọ́ gbòǹgbò, àwọn náà sì sọ̀ kalẹ̀ dúró lórí gbòǹgbò kan, wọ́n ń fà mí díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́. Nígbà tí ẹrẹ̀ tú mi sílẹ̀ lójijì, ẹsẹ̀ Ìyá yọ̀, àwọn ìkarahun mímú tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò sì ya ojúgun wọn láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n bu omi ọ̀sà sí i, wọ́n fi etí ìró wọn dì í.

Wọ́n ní, “Ewé yẹn dà?”

Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Inú ewé yẹn ni ebu náà ti jáde. Mo se oúnjẹ fún un ní láàbù, irú èyí tó máa ń dì bí ẹ̀kọ tútù nínú àwo pẹlẹbẹ, ó sì hù, àwọ̀ rẹ̀ bí ti ewéko tó dúdú. Lẹ́yìn náà, mo tan kòkòrò inú egbò ká ojú àwo mìíràn, mo gbé ebu náà sí àárín wọn. Nígbà tí mo padà wò ó, kòkòrò ti bo gbogbo ojú àwo bí ìgbà tí wọ́n da ògì sí i, àfi ibi tí ebu náà wà. Ibẹ̀ mọ́ roro yí ebu ká. Ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn ti kú.

Mo jókòó, mo wò ó pẹ́. Kò sí ẹlòmíràn nínú láàbù. Mo sọ sí àwọn kòkòrò náà jẹ́jẹ́ pé, “Ó tọ́ sí yín.”

Nígbà tí mo fi han ọ̀gá mi, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún àwo náà wò. Ó ní kí n kọ gbogbo bí mo ṣe ṣe é sílẹ̀, láti orí ewé inú ẹrẹ̀ títí dé orí àwo, kí n kó o fún òun. Ó ní, “Má sọ fún ẹnikẹ́ni.” Mo rò pé nítorí tèmi ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ìpàdé àwọn onímọ̀ wáyé ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n ní kí èmi máa to omi inú ike sórí tábìlì. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, ike omi mẹ́fà ní àyà mi, nígbà tí mo rí fọ́tò àwo mi lára ògiri, wọ́n ti sọ ọ́ di ràgàjì. Mo máa ń kọ lẹ́tà méjì àti déètì sí etí gbogbo àwo mi. Wọ́n ti gé etí yẹn kúrò lára fọ́tò náà. Orúkọ mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀, kò sí tèmi níbẹ̀.

Ọ̀gá mi wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní ọjọ́ kan báyìí, òun rí ewé kan ní ìdí gbòǹgbò, òun sọ̀ kalẹ̀, ẹrẹ̀ gbé òun mì dé àyà. Ó fi ọwọ́ hàn wọ́n ibi tó gbé e mì dé. Ó ní bí kì í bá ṣe ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó lágbára, tó ń wa ọkọ̀ òun, wọn ì bá máa wá ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn báyìí. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, mo ti bá Ìyá lọ sí ọsibítù. Ojúgun wọn kò jinná. Ó ti wú, ó ń ṣoyún, oògùn kejì ni wọ́n sì ti ń lò. Mo lè fara da orúkọ mi tí wọ́n gé, tàbí kí n sọ pé bóyá mo lè fara dà á. Ṣùgbọ́n obìnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù tó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, ó ti sọ ọ́ di ọ̀dọ́mọkùnrin. Títí di ọjọ́ yẹn, “wọ́n” ni mò ń lò fún ọ̀gá mi, kódà nínú ọkàn mi. Láti ọjọ́ yẹn, n kò lò ó mọ́, àfi tí a bá kojú síra wa.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò rí orúkọ mi.”

Kò gbé orí sókè. “Orúkọ ta? Láàbù ta ni o ti rí ebu náà? Àwo ta ni o lò? Akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ́.”

“Èmi ni mo rì sínú ẹrẹ̀, sà.”

“Tó o bá fẹ́ parí ìwé rẹ, má sọ ọ̀rọ̀ yẹn létí mi mọ́.”

Mo ní, “Ó dáa, sà.” Mo ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe.

Nǹkan kan wà nípa ebu náà tí ọ̀gá mi kò mọ̀. Bí a bá ń fún un ní oúnjẹ láàbù, tó kún fún ṣúgà àti ọ̀dùnkún, ó máa ń sanra, àmọ́ kì í pa kòkòrò mọ́ tó bá pẹ́ lórí rẹ̀. Ó dà bíi pé kò rí ìdí tó fi yẹ kó jà. Tí mo bá wá kó ewé igi etí ọ̀sà náà, tí mo sè é nínú omi ọ̀sà, tí mo fi bọ́ ọ, agbára rẹ̀ á padà. Èèṣì ni mo fi rí i. Inú jọ́tà ara mi ni mo kọ ọ́ sí, mo sì ti ní i lọ́kàn láti sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe ìpàdé yẹn.

Ọ̀gá mi pè mí lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ṣe bíi pé kò sí nǹkan kan láàárín wa. Ó ní àwọn àlejò ń bọ̀ láti òkè òkun, àwọn tó ń ṣe oògùn, wọ́n fẹ́ fi ojú ara wọn rí ebu náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Ó ní kí n gbìn ín sílẹ̀ dáadáa, kí n sì gbé e sáàárín kòkòrò nínú àwo kí wọ́n tó dé.

Mo gbìn ín dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi bọ́ ebu náà bí ọmọ ọlọ́rọ̀. Mo ń yí i láti àwo dé àwo, mo ń fún un ní gbogbo ohun tó wà nínú ìwé tí mo kọ fún ọ̀gá mi, láì yọ ọ̀kan sílẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ bí ti ewéko tó dúdú, ó tutù, ó kún àwo. Ọ̀gá mi wá wò ó, ó ní, “Ó dára gan-an.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Èyí tó ṣì lágbára, mo ti da èso rẹ̀ tó dà bí eruku pọ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ nínú ìgò kéékèèké mẹ́ta, mo sì gbé e lọ sí yàrá mi ní Agric, nínú agolo bisikíìtì.

Àwọn àlejò náà pé mẹ́rin. Ọ̀gá mi wọ aṣọ láàbù funfun tuntun. Ó ṣí àwo àkọ́kọ́ níwájú wọn. Kòkòrò kún un láti etí dé etí, wọ́n tilẹ̀ hù dé ara ebu náà. Ó ní àṣìṣe ni, ó ṣí ìkejì. Bákan náà ni. Ó ṣí ìkẹta, ó ṣí ìkẹrin. Obìnrin kan láàárín àwọn àlejò fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé bóyá ó ti rẹ ebu náà ni. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀gá mi yíjú wò mí. Ìgò ni mò ń tò. N kò gbójú kúrò lára rẹ̀.

Mo jẹun dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Benson, ní Ìkòròdú, mo ra ẹja yíyan kan tó tóbi, mo jẹ ẹ́ tán, mo sì fá eegun rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ọ̀gá mi wá sí Agric. N kò mọ ẹni tó júwe ilé mi fún un. Ó gun àtẹ̀gùn náà, ó jókòó sórí àga ike mi, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibùsùn mi. Mo fún un lómi. Kò mu ún.

“Kí lo ṣe sí i?”

“Mo fún un lóúnjẹ, sà.”

“Irú oúnjẹ wo?”

“Èyí tó wà nínú ìwé yín, sà.”

“Mo mọ̀ pé o mọ nǹkan kan. Kí ló ń mú kó ṣiṣẹ́?”

Mo ní, “Ẹ bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ yín.”

Ojú rẹ̀ pọ́n. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Kí lo fẹ́?”

Mo sọ fún un pé ewé tuntun la nílò, pé òun fúnra rẹ̀ ló máa lọ mú un, ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, ní Sátidé, pé ìgbà náà ni màá sọ ìyókù fún un.

Mo ti kọ́kọ́ ro gbogbo rẹ̀ fún Ìyá. Inú ilé wọn la wà, ẹsẹ̀ wọn wà lórí ìrọ̀rí, aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì sì kọ́ sára ògiri. Wọ́n ń mi orí nígbà tí mò ń sọ ti orúkọ mi. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀dọ́mọkùnrin, wọ́n ní kí n tún un sọ.

“Ó ní ọkùnrin ni mí?”

“Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin tó lágbára ni, mà.”

Ìyá wo ẹsẹ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, “Mú un wá.”

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ ká wá ẹlòmíràn tó máa wa ọkọ̀, nítorí egbò yẹn. Wọ́n kọ̀. Wọ́n fi ọ̀rá di ojúgun lórí bándéèjì, wọ́n mú ọ̀pá. Ọ̀gá mi dé pẹ̀lú bàtà kánfáàsì funfun lẹ́sẹ̀. Ó kí Ìyá, “Ẹ káàárọ̀, mà,” kò sì mọ ẹni tó ń kí. Àwọn náà dá a lóhùn, wọ́n ní kó jókòó sí àárín ọkọ̀ kó má bàa dojú dé. Wọ́n ti ọkọ̀ títí a fi dé abẹ́ àwọn igi náà.

Ìyá mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti le, wọ́n sì mọ ibi tí kò ti le. Ibi tí kò ti le ni wọ́n fi ọ̀pá hàn án. Wọ́n ní, “Ewé tó dáa wà níbẹ̀ yẹn.” Ó bọ́ sílẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ló gbé. Ó rì dé itan, ó kígbe, ó yí ara, ó rì dé àyà.

Ìyá jókòó. Wọ́n gbé ọ̀pá lé itan wọn.

“Mà, ẹ na ọ̀pá náà sí mi.”

“Màá nà án. Ta ló rì síbí nígbà yẹn?”

Ó wò mí. N kò ràn án lọ́wọ́. Ó ní, “Ọmọ yìí ni.”

“Ta ló fà á jáde?”

“N kò mọ̀ wọ́n, mà.”

“O ò mọ̀ wọ́n, o sì ń gba àtẹ́wọ́ lórí wọn.” Ìyá tú ọ̀rá, wọ́n tú bándéèjì, wọ́n na ẹsẹ̀ náà síta láti inú ọkọ̀ débi tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú rẹ̀. Egbò náà pupa, etí rẹ̀ dúdú, òórùn rẹ̀ ni mo mọ̀ láti kékeré. “Wò ó dáadáa. Ọkùnrin ni mí?”

“Rárá, mà.”

“Sọ ọ́ kí n gbọ́.”

“Obìnrin ni yín, mà. Ẹ̀yin lẹ fà á jáde. N kò sí níbẹ̀.”

Omi ti ń kún díẹ̀díẹ̀. Ó ti dé èjìká rẹ̀. Ìyá kò kánjú. Wọ́n ká bándéèjì wọn, wọ́n dì í padà, wọ́n so ó, lẹ́yìn náà ni wọ́n na ọ̀pá sí i. Àwa méjèèjì la fà á. Nígbà tó wọ inú ọkọ̀, bàtà rẹ̀ ti kù sísàlẹ̀, ó sì ń sunkún láì gbé ohùn sókè. N kò ṣàánú rẹ̀. Mo ti wá a nínú ọkàn mi, n kò rí i. Ohun kan ṣoṣo tí mo kábàámọ̀ ni pé n kò ya fọ́tò.

Ní èbúté, ó ní kí n wá sọ ohun tí mo ṣèlérí. Mo sọ ìdajì. Mo ní ewé ni kó máa sè fún un. N kò sọ pé inú omi ọ̀sà ni wọ́n ti ń sè é. Mo mọ̀ pé omi ẹ̀rọ láàbù ló máa lò, omi tí kò ní iyọ̀ kan nínú.

Ó gbẹ̀san tirẹ̀. Oṣù kan kò pé tó fi sọ fún ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa pé ìdọ̀tí wọ gbogbo àwo mi, pé iṣẹ́ ọdún mẹ́rin mi kò ṣe é gbára lé, kí n tún un bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Mo kó ẹrù mi. Mo rí iṣẹ́ tísà ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́, mo sì parí ìwé mi ní ibòmíràn, lábẹ́ obìnrin kan tó ń kọ orúkọ mi ṣáájú tirẹ̀. Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ojoojúmọ́ nínú àwọn ọdún yẹn ni mò ń ro ti ọ̀gá mi, bí ó ṣe ń se ewé tí kò wúlò.

Ẹsẹ̀ Ìyá jinná nígbẹ̀yìn. Ebu wa kọ́ ló wò ó. Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì ń fọ ọ́ fún wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àpá rẹ̀ gùn, ó ń dán.

Ní Ẹ̀pẹ́, mo tún ebu náà jí látinú iyanrìn. Mo bọ́ ọ bó ṣe yẹ, mo fa oje rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan ní òkè òkun tó ní ẹ̀rọ tó lè sọ ohun tó wà nínú irú oje bẹ́ẹ̀ gan-an. Èsì rẹ̀ bá mi lórí fóònù nígbà tí mò ń máàkì ìdánwò. Ó ní nǹkan àtijọ́ ni. Àwọn mìíràn ti rí i lára ebu mìíràn, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́. Ó ń pa kòkòrò lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe ń pa kòkòrò ló ń pa ara èèyàn. Wọ́n ti jù ú nù. Kò lè di oògùn.

Mo fi bírò sílẹ̀. Mo sunkún nítorí bàbá mi, nítorí ojúgun Ìyá, nítorí ewé tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ torí rẹ̀ kú. Lẹ́yìn tí mo sunkún tán, mo nu ojú, mo sì rántí pé ọ̀gá mi kò mọ̀. Ó ṣì ń wá a. Inú mi wá ń dùn díẹ̀díẹ̀. Mo pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ fún ọdún méjì.

Ní ọdún tó kọjá, mo lọ kí Ìyá ní Ìbẹ̀ṣẹ̀. A jókòó síwájú ilé nígbà tí ọkọ̀ kan gúnlẹ̀. Ọmọbìnrin kan bọ́ sílẹ̀, ẹrẹ̀ dé itan rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bó, kúlà yìnyín lórí rẹ̀.

Ìyá ní, “Ọ̀gá rẹ ìjelòó ló rán an. Ó ti wá tó ìgbà mẹ́fà.”

Mo pè é. Mo sọ fún un pé mo ti bá ọ̀gá rẹ̀ ṣiṣẹ́ rí. Ó jókòó sórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó ní ebu kan wà tí ọ̀gá àwọn rí nígbà kan, pé kò ṣiṣẹ́ mọ́, pé gbogbo ìgbà tí kò bá ṣiṣẹ́, òun ló máa ń pariwo mọ́, pé ọwọ́ òun kò mọ́. Ọdún kejì rẹ̀ rèé. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti gbà pé ọwọ́ òun kò mọ́ lóòótọ́.

Èmi ni mo rán ọmọ yìí sínú ẹrẹ̀. Gbogbo ọdún méjì tí mo fi ń gbádùn bí ọ̀gá mi ṣe ń jìyà, ọmọ ọlọ́mọ ló ń jẹ ẹ́.

Mo fi èsì ọ̀rẹ́ mi hàn án lórí fóònù. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ọdún méjì mi ńkọ́, mà?”

Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Mo ní ewé tó fi ń bọ́ ebu, kó máa sè é nínú omi ọ̀sà. Mo ní ewé mìíràn wà nínú kúlà rẹ̀ yẹn, ebu mìíràn wà lára wọn, kó gbé ti àtijọ́ sílẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ń pa ara èèyàn kó tó yọ̀. Mo ní kó máa kọ orúkọ rẹ̀ àti déètì sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kó sì máa fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ tó bá kọ ọ́. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀, ẹrẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìwé.

Ó ní, “Ṣé kí n sọ fún wọn pé kò wúlò, mà?”

Ìyá ń wò mí. Mo ronú sí i. Mo ní, “Ìyẹn dọwọ́ ẹ. Èmi ò ní sọ fún un.”

Òun náà kò sọ. Ó yí sí ebu mìíràn láì pariwo, ó sì ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Méjì nínú wọn ń pa kòkòrò. A ò tíì mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe sí ara èèyàn.

Ní oṣù tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kan. Ó ní ọ̀gá wa tún gbé fọ́tò àwo yẹn síwájú àwọn èèyàn. Bó ṣe sọ̀rọ̀ tán, àlejò kan láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn dìde, ó sì béèrè bóyá kì í ṣe nǹkan àtijọ́ báyìí-báyìí nìyẹn, èyí tí wọ́n ti jù nù nítorí pé ó ń pa ara èèyàn. Ọ̀gá mi ní kó tún ìbéèrè náà béèrè. Ẹni náà tún un béèrè. Ọ̀gá mi wá ìwé rẹ̀ lórí tábìlì, ó ṣí i, ó pa á dé, ó sì ní kí àwọn gba ìbéèrè mìíràn. Kò sí ẹni tó ní òmíràn.

Ọmọ náà ń retí ohun tí mo máa sọ. Mo fa àga, mo jókòó dáadáa. Mo ní kó tún un sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má fo nǹkan kan.